944 Turbo ọdún 1987: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i?

Àyọ̀dé_Kent
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà onímọ́tò. Oṣù kẹta rèé tí mo ra Porsche 944 Turbo kan níbí. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣe é, sítíárì ọ̀tún, ó ti rin máìlì 118,000. Ìgbà tí mo wà ní JSS 2 ni mo kọ́kọ́ rí àwòrán irú rẹ̀ lára kàlẹ́ńdà kan ní ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà àdúgbò wa, àtọjọ́ náà lọkàn mi ti ń fà sí i.

Ìwé sọ pé 220 ni agbára ẹṣin rẹ̀ nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́. Tèmi ò jọ bẹ́ẹ̀ o. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní gíà kẹta, ó máa kọ́kọ́ ronú, ó wá máa lọ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò fẹ́ dìde. Golf onídísẹ̀lì tí ìyàwó mi ń gbé lọ síbi iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bá a dọ́gba.

Mo ti ya £1,500 sọ́tọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni chip tuntun (tó ń yí ètò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ padà), sàlẹ́ńsà ńlá, àti boost controller tí wọ́n ń fọwọ́ yí (boost ni afẹ́fẹ́ tí tọ́bò, fáànù tí èéfín ẹ́ńjìn ń yí, ń tì wọ inú ẹ́ńjìn), èyí tí wọ́n ń tà ní £40 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ta chip ní màá rí 260. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà nínú wọn?

Bàbá_Ìbejì_Leeds
Àbúrò, o kú oríire mọ́tò. Má tíì ra nǹkan kan.

Géèjì boost tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ, mélòó ló ń kà tí o bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá ní gíà kẹta, láti 3,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìn ń yí ní ìṣẹ́jú kan) lọ sókè? Lọ wò ó lójú ọ̀nà tí kò sí èrò, kí o wá sọ fún wa.

Àyọ̀dé_Kent
Ẹ ṣé, sà. Mo wò ó láàárọ̀ yìí. Ó dé 1.4, ó dúró síbẹ̀. Àbí 1.4 bar kì í ṣe nǹkan ńlá? Nǹkan bíi 0.75 ni mo kà pé ilé iṣẹ́ fi sí i.

Bàbá_Ìbejì_Leeds
Ibẹ̀ gan-an ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Géèjì yẹn ń ka afẹ́fẹ́ ayé tí gbogbo wa ń mí mọ́ ọn. Yí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìn dìde, kí o wò ó: orí 1 ló máa wà, kò ní wà lórí òdo. Torí náà, nínú 1.4 tìrẹ, 0.4 péré ni tọ́bò ń fi kún un. Èyí tí ara rẹ̀ dá máa dé 1.7 sí 1.75. Mọ́tò rẹ ń jẹ bí ìdajì oúnjẹ tó yẹ kó máa jẹ, ìwọ wá ń wá ṣíbí ńlá fún un.

Agbára tí o fẹ́ fowó rà ti wà nínú ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ó ń jò dànù ni. Wá ibi tó ń jò ná.

Ọmọ_Ládípọ̀
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọwọ́ kún un. Ládípọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, Chatham ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí, 944 Turbo mẹ́rin ló sì ń wọlé tí wọ́n ń jáde lọ́dọ̀ mi. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò jò lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò.

Ohun tí mo ń lò, mo gé páìpù oníke àwọn plọ́mbà, mo dí ojú kan, mo lu ihò sí i, mo ki fáàfù táyà bọ̀ ọ́. Èmi á tú họ́ọ̀sì tó wọ ẹnu tọ́bò, màá fi kílíìpù de páìpù mi síbẹ̀, màá wá fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń fún táyà fẹ́ ẹ. 0.7 bar ti tó, ẹ má ṣe kọjá ẹ̀. Ẹ rántí dí họ́ọ̀sì tó ń gbé èéfín ọ́ìlì wá láti inú ẹ́ńjìn, torí tí afẹ́fẹ́ bá gba ibẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìn, ó lè ti síìlì jáde, iṣẹ́ méjì ti di mẹ́ta nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, omi ọṣẹ. Ẹ fọ́n ọn sí gbogbo oríkèé: àwọn rọ́bà tó so páìpù mọ́ intercooler (tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù), ìdí injector kọ̀ọ̀kan (ẹnu tó ń fọ́n epo), ojú throttle (ilẹ̀kùn tí ẹsẹ̀ yín ń ṣí fún afẹ́fẹ́), họ́ọ̀sì tó sá pamọ́ sábẹ́ manifold (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sìlíńdà). Ẹ pa rédíò, kí ẹ tẹ́tí. Ìgbà míì etí á gbọ́ "ṣìììì" kí ojú tó rí ìfófòó.

Tí gbogbo ìyẹn bá dára tí boost ò sì tíì gòkè, ó kù sápá èéfín. Ẹ́ńjìn yìí ní àrà tirẹ̀: apá ọ̀tún ni èéfín ti ń jáde, apá òsì ni tọ́bò wà. Páìpù kan ló gba abẹ́ gbé èéfín náà kọjá, ara páìpù ọ̀hún sì ni wastegate wà, ilẹ̀kùn tó ń tú èéfín tó bá pọ̀ jù sílẹ̀ kó má dé ọ̀dọ̀ tọ́bò. Bí gáskẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá ti jó, èéfín tó yẹ kó yí tọ́bò ti sá lọ. Bí sípíríǹgì wastegate bá ti rẹ̀, á máa ṣílẹ̀kùn kí àlejò tó dé. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni sípíríǹgì yẹn ti wà nínú iná.

Àdùkẹ́_M62
Bọ̀dá Àyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti boost controller £40 yẹn fún yín, torí ojú mi ti rí i.

Èmi náà ra á. Ẹnì kan bá mi fi í sí i láàárín wákàtí kan, a ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí géèjì fi dé 2.0. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jayé orí mi! Mo ń wá ìdí láti jáde nílé. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mò ń gun òkè Pennine lórí M62, mo ṣàdédé wo dígí ẹ̀yìn, èéfín funfun ti bo ojú ọ̀nà bí ìgbà tí wọ́n ń fín ẹ̀fọn ládùúgbò. Gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìn ti jó láàárín sìlíńdà méjì. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, £1,900 ti lọ. Ẹni tó bá mi fi í sí i ò gbé fóònù mi mọ́.

Ohun tí mo padà kọ́ rèé. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú ọkọ̀ wa. DME ń bójú tó epo àti iná pọ́ọ̀gì. Èkejì, KLR, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ́tí sí nọ́ọ̀kì. Tó bá gbọ́ ọ, á fa àsìkò iná pọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Tí kò bá dákẹ́, á dín boost kù nípasẹ̀ fáàfù kékeré kan. Nǹkan £40 tèmi, ẹ̀yìn fáàfù yẹn ló gbà kọjá. KLR ń pariwo lórí òkè yẹn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọmọ_Ládípọ̀
Sístà mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n là á fún àwọn ará ilé tó ń kà á, torí "nọ́ọ̀kì" yìí máa da orí rú. Nílé, tí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìn ti nọ́ọ̀kì, ẹ́ńjìn ti kú nìyẹn, ẹ lọ wá tòkunbọ̀ míì. Nọ́ọ̀kì tí àǹtí ń sọ kì í ṣe ìyẹn. Èyí ni pé epo tó wà nínú sìlíńdà ń bú gbàmù fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí iná pọ́ọ̀gì tàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bíi kí èèyàn máa fi òòlù lu orí písítìnì ni. Ooru ló ń fà á, àti boost tó pọ̀ jù, àti epo tí kò lágbára. Àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ títí, ó máa di nọ́ọ̀kì ti Ládípọ̀ náà.

Táíwò_Houston
Ọ̀rọ̀ epo yẹn ṣe pàtàkì. Mo ní 951 (orúkọ tí ilé iṣẹ́ ń pe 944 Turbo) níbí, sítíárì òsì (ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, 952 ló yẹ kẹ́ ẹ máa pè é, ẹ má bínú). Tẹ́ ẹ bá ń ka ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ, ẹ máa rí i pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa epo octane 91 àti 93 (òǹkà tó ń sọ bí epo ṣe lè farada nọ́ọ̀kì tó). Ẹ má rò pé epo wa ò dáa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wọn epo. Níbí, wọ́n pa òǹkà méjèèjì pọ̀, wọ́n pín in sí méjì, òun ni wọ́n kọ sára pọ́ǹpù. Lọ́dọ̀ yín, èyí tó ga jù ni wọ́n ń kọ. 93 ti wa ò jìnnà sí 98 tiyín. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá sọ pé chip òun fẹ́ 93, ẹ má lọ ra 95 kẹ́ ẹ ní ó ti lé.

Bàbá_Ìbejì_Leeds
Ó ṣeun, Táíwò. Láti September 2021, E10 (epo tí wọ́n fi ethanol tó lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pò) ni epo tó wọ́pọ̀ ní England. Super (epo tí octane rẹ̀ ga jù) nìkan ni mò ń rà, kì í ṣe tìtorí agbára nìkan. Àwọn họ́ọ̀sì epo tí wọ́n ṣe ní 1987 kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ E10. Àyọ̀dé, fọwọ́ pa họ́ọ̀sì epo tó wà lórí ẹ́ńjìn rẹ. Bó bá le bí igi, tàbí tó bá ti ń là, pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la. Má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Iná ti jó ju 944 kan lọ nítorí họ́ọ̀sì yẹn.

Ó ku ìbéèrè kan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́yìn. Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ gbẹ̀yìn?

Àyọ̀dé_Kent
Ẹni tó tà á fún mi ní "kò tíì pẹ́". Kò sí rìsíìtì.

Bàbá_Ìbejì_Leeds
"Kò tíì pẹ́" kì í ṣe déètì. Ka gbogbo bẹ́líìtì tí kò ní rìsíìtì sí èyí tó ti gbó.

Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ń yí camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí àwọn fáàfù. Ìkejì ń yí àwọn ọ̀pá balance méjì tí wọ́n fi ń pa gbígbọ̀n ẹ́ńjìn, torí sìlíńdà mẹ́rin tó pín lítà 2.5 láàárín ara wọn, gbígbọ̀n rẹ̀ kì í ṣe kékeré. (Mitsubishi ló ni ẹ̀tọ́ sí ọgbọ́n yẹn; Porsche sanwó fún wọn láti lò ó.) Bí ti camshaft bá já, fáàfù á lọ pàdé písítìnì, orí ẹ́ńjìn lọ nìyẹn. Bí ti balance bá já, ó lè fà á já tẹ̀ lé ara rẹ̀. Èmi, ọdún mẹ́rin ni mo máa ń fún un, bí mo wakọ̀ bí mi ò wakọ̀. Kí o pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù lójú kan náà, torí bẹ́líìtì ló ń yí i, o ò ní fẹ́ tún gbogbo ibẹ̀ tú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fífà á le náà ní òfin. Irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní P9201, òun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ní àwọn á fi ìka lọ́ ọ wò. Èmi ò fi ìka lọ́ ohun tó lè ná mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́n-ùn.

Tí abẹ́ rẹ̀ bá ṣí, wo bíàrìn ọ̀pá písítìnì kejì. Òun ló kọ́kọ́ máa ń lọ nínú ẹ́ńjìn yìí, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọ́ìlì díẹ̀ sáré ní kọ́nà.

Ìṣọ̀lá_EE
Ó yẹ kẹ́nì kan dáhùn ìbéèrè chip, torí a ti ń pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti òwúrọ̀. Chip kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó ń ṣiṣẹ́, lára mọ́tò tí ara rẹ̀ dá.

Méjì ni chip, ọ̀kan fún DME, ọ̀kan fún KLR, ọwọ́ ẹnì kan náà ló yẹ kí wọ́n ti wá. Tèmi gbé géèjì dé nǹkan bíi 1.9, KLR sì ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti Àdùkẹ́ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún regulator epo, ohun tó ń di pressure epo mú. 2.5 bar ni ilé iṣẹ́ fi sí ti 1987. Ọ̀pọ̀ chip ni wọ́n kọ fún 3.0. Epo tó ń gba ojú injector kì í pọ̀ bí pressure ṣe ń pọ̀, láti 2.5 sí 3.0, nǹkan bíi 9 tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni epo fi ń lé sí i. Tẹ́ ẹ bá fi 3.0 sí i láì pààrọ̀ chip, epo á pọ̀ jù, ọkọ̀ á máa rùn, á máa tu èéfín dúdú. Tẹ́ ẹ bá wá fi chip tó ń retí 3.0 sórí 2.5, epo á kéré nígbà tí boost pọ̀. Ìyẹn ló ń pa ẹ́ńjìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé owó yín sápò.

Ẹ tún wo ohun tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e láti 220 dé 250 fún Turbo S ní 1988, wọ́n pààrọ̀ tọ́bò sí K26 tó tóbi díẹ̀, wọ́n tún kọ̀ǹpútà kọ. Àmọ́ wọn ò dúró níbẹ̀. Wọ́n mú gíà rẹ̀ le sí i, wọ́n fún un ní kúlà ọ́ìlì tirẹ̀, wọ́n lọ yọ bíréèkì Porsche 928 S4 sí i. Nítorí 30 péré! Ẹni tó ń ta chip fún Àyọ̀dé ṣèlérí 40, kò dárúkọ bíréèkì.

Sàlẹ́ńsà? Ó máa dùn létí. Ẹ fi sí ìkẹyìn.

Kẹ́mi_Croydon
Mi ò mọ mọ́tò, ọkọ mi ló ní tirẹ̀. Iṣẹ́ inṣọ́ránsì ni mò ń ṣe. Ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá yí padà fún ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín, chip náà wà lára rẹ̀, bí kò tilẹ̀ hàn sójú. Òfin Britain ti 2012 lórí inṣọ́ránsì aráàlú sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má fún wọn ní ìròyìn tí kì í ṣe òótọ́. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì tó ń bójú tó ọkọ̀ àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbówó lé e fún ìyípadà kékeré, ẹ pè wọ́n.

Àyọ̀dé_Kent
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà dé.

Mo ṣe páìpù fáàfù táyà yẹn. £11 ni gbogbo rẹ̀. Mo dí họ́ọ̀sì ọ́ìlì bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Mo fọ́n ọṣẹ, ó ń hó bí ìgbà tí wọ́n ń fọ aṣọ: rọ́bà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ intercooler ti là lábẹ́, níbi tí ojú ò tó, ìdí injector kẹta náà ń jò. Mo wá na ọwọ́ sí họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó lọ síbi fáàfù boost yẹn, mo kàn fẹ́ fà á wò ni. Ó ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ bíi ṣin-ṣin. Mo di i mú, mò ń wò ó. Mo pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì kékeré pátá, mo fi rọ́bà tuntun sí ìdí injector mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì epo méjèèjì náà, torí òótọ́ ni, wọ́n le bí igi. £230 ni mo ná.

Lánàá, gíà kẹta, 3,000: géèjì lọ sí 1.7 tààrà. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ìyàwó mi di ilẹ̀kùn mú, ó ní ṣé mo ti ra chip ni.

Mi ò tíì rà á. Bẹ́líìtì ló kàn, mo ti rà wọ́n pẹ̀lú wọ́tà pọ́ǹpù. Mi ò ní P9201 o, iye tí wọ́n ń tà á kò ṣeé gbọ́ sétí. Ta ló lè yá mi?

Àdùkẹ́_M62
Ẹ ra DME relay kan (súíṣì kékeré tó ń gbé iná fún DME àti pọ́ǹpù epo) kẹ́ ẹ jù ú sínú pigeonhole. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ á yí, kò ní gbà, relay yẹn ni. Mo ti fún ẹni méjì ní tèmi ní páàkì.

Ọmọ_Ládípọ̀
Mo ní P9201. Mi ò yá èèyàn ní irinṣẹ́, àmọ́ ẹ gbé ọkọ̀ wá, a jọ máa ṣe é. Sátidé, aago mẹ́jọ. Kí ẹ́ńjìn tutù ká tó fi nǹkan yẹn kàn án, bí ó bá gbóná, òǹkà tó máa fún wa kò ní jẹ́ òótọ́. Torí náà ẹ má wà á wá láàárọ̀ Sátidé. Ẹ gbé e wá lálẹ́ Fúráìdé kó sùn sọ́dọ̀ mi.